Aránṣọ Tó Fi Píìnì Ti Ilẹ̀kùn Ẹnu

Kí ènìyàn tó rí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yìí, yóò ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo maṣíìnì là ń wí o, nítorí maṣíìnì pọ̀ ládùúgbò náà bí ẹ̀fọn. Ẹ̀rín ọkùnrin náà ni. Ẹ̀rín tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, tí á gun àyà, tí á wá tú jáde lẹ́nu bí omi tó já ìdènà. Bó bá ti rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń kọjá lójú títì á dúró, wọ́n á bi ara wọn léèrè pé kí ló dé, kí wọ́n tó mọ̀, àwọn náà á ti máa rẹ́rìn-ín ohun tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnnì. Ọkọ á gé aṣọ, á fi maṣíìnì rán an pọ̀. Ìyàwó á ṣẹ́ etí rẹ̀, á ṣe ojú bọ́tìnnì, á rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Tábìlì ìgéṣọ ló wà láàárín wọn. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n kọjú sí ara wọn, ọ̀kan ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì, ọ̀kan ń fa abẹ́rẹ́.

Ohun kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì tí ẹlòmíràn ò kà sí nǹkan kan. Bí ìyàwó bá rán bọ́tìnnì tán, kì í wá sísọ́ọ̀sì. Á na aṣọ náà sí ọkọ rẹ̀, ọkọ á tẹrí ba, á fi eyín já òwú náà pẹ́ẹ́. Ìgbà tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí sísọ́ọ̀sì kékeré wọn sọnù sínú òkìtì àjákù aṣọ. Wọ́n rí sísọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ta ló tún ń wá sísọ́ọ̀sì? Bí orí ọkùnrin náà bá ti sún mọ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ báyìí, obìnrin náà á gbọ́ òórùn ọṣẹ tí ọkọ fi wẹ̀, á rí ibi tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ wọn dàgbà, wọ́n kúrò nílé, oníkálukú gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òwú ò yé já lẹ́nu bàbá wọn.

Ẹ̀wù funfun àwọn oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń rán lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ kọ̀. Ìyá Bọ́tìnnì na aṣọ sí i bó ti máa ń nà án. Ọkọ ò tẹrí ba.

"Sísọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ," ló wí.

Ohùn rẹ̀ ò le, ojú rẹ̀ ò korò. Ìyàwó rò pé ó ń ṣeré ni, ó tún na aṣọ náà díẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà yí ojú sí maṣíìnì, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ni obìnrin náà bá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé òwú. Ó dún lọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun tí kò mọ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni píìnì ti gba ẹnu ọkùnrin yìí. Kò sí aránṣọ tí kì í fi ètè mú píìnì bó bá ń wọn aṣọ fún èèyàn, ìyẹn ò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín ń fi ètè mú píìnì nígbà tí kò sí ẹni tó ń wọn aṣọ. Ó ń fi ètè mú píìnì nígbà tó ń lọ aṣọ, nígbà tó ń wo títì, nígbà tó jókòó lásán. Oníbàárà á bi í pé ọjọ́ wo ni aṣọ òun yóò pé, á kàn mi orí, á fi ọwọ́ júwe. Píìnì di kọ́kọ́rọ́, ètè di ilẹ̀kùn, ẹ̀rín wà nínú ilé tí a tì pa.

Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló kọ́kọ́ pariwo ọ̀rọ̀ náà síta. Ọkùnrin yìí ò lè fá orí kan tán kó máà mú ìtàn kan jáde lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín ló sì máa ń gbé gbogbo rẹ̀ wá, bí ọmọdé tó gbé ohun tó rí he wá fi han ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí bó ti fara ti ilẹ̀kùn, "ọkùnrin kan jókòó sórí àga mi láàárọ̀ yìí, ó ní kí n bá òun fi irun díẹ̀ sílẹ̀ níwájú. Mo wo iwájú orí rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní, 'Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá a ná.'"

Èjìká Ẹlẹ́rìn-ín gbọ̀n. Ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ dì mọ́ píìnì gírígírí, kò sí ohun tó jáde.

Onígbàjámọ̀ dúró, ó ń retí ẹ̀rín bí ẹni tó ń retí owó iṣẹ́. Nígbà tí kò rí i, ó yíjú sí ìyàwó. "Ìyá Bọ́tìnnì, ṣé ẹ̀fẹ̀ mi ló ti kan ni, àbí ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi pamọ́ sílé?"

"Bóyá ẹ̀fẹ̀ rẹ náà ló pá lórí," ni Ìyá Bọ́tìnnì dá a lóhùn.

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn kù sínú obìnrin náà. Ó rò ó títí: kí ni òun ṣe? Ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ilẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà á kó má gún un. Ṣé torí pé òun sọ pé kó má tún gba aṣọ oníbúrẹ́dì ni? Ṣé òun ń sọ̀rọ̀ jù ni? Àbí ọwọ́ tó ti ń hunjọ yìí ni kò wù ú sún mọ́ mọ́? Ó wo ọwọ́ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà, wọ́n á sì tún sùn sínú ẹnu kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn ò jà. Bí ìjà bá wà ni, ì bá bẹ̀bẹ̀.

Ó tún kíyè sí nǹkan mìíràn. Ọkùnrin náà kì í jẹ eèpo búrẹ́dì mọ́. Inú rẹ̀ rírọ̀ ló ń yọ jẹ, á ní òun ti yó. Kí ọkùnrin náà tó kọ òwú jíjá pàápàá, obìnrin náà ti rí ẹ̀jẹ̀ tó kán sí kọ́là ẹ̀wù funfun kan, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó ṣebí òun ló gún ara òun. Ó wo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ibi tó ṣẹ̀jẹ̀. Ó yára fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ọkọ tó rí i. Kò mọ̀ pé ọkọ ti rí i, pé ojú ọkọ ò kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń wo ìka.

Sísọ́ọ̀sì kékeré náà wá di ọ̀rẹ́ tuntun fún Ìyá Bọ́tìnnì, ọ̀rẹ́ tí kò wù ú. Ní àràárọ̀ tó bá mú un, á bá ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì tí à ń fi sàmì sí aṣọ, ibo ni kì í sí nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ? Ó wà lórí tábìlì, ó wà lára àga, ó wà nínú irun wọn. Á mú àkísà, á nù ún dànù, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú àkísà. Aṣọ funfun ni wọ́n ń rán láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sára aṣọ funfun? Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù ló wà lórí tábìlì. Funfun wà nínú agolo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣí i.

Ó fi ìka kan ìyẹ̀fun náà, ó fi kan ahọ́n. Ó korò bí jogbo.

Ṣọ́ọ̀kì kì í korò. Obìnrin náà jókòó, ó ń wo yíká ṣọ́ọ̀bù. Kí ló funfun, tó sì korò, nínú ilé yìí? Ojú rẹ̀ bọ́ sára agolo bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ọkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń kó oògùn sí láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru; hóró kan láràárọ̀, pẹ̀lú omi, kó tó jókòó sídìí iṣẹ́. Ó ṣí agolo náà. Hóró oògùn tí a gé sí méjì wà níbẹ̀, èyí tí a gé sí mẹ́rin wà níbẹ̀. Etí wọn gún régé. Aránṣọ nìkan ló lè gé nǹkan tó kéré tóyẹn tí kò ní wọ́.

Ó gbójú sókè. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu maṣíìnì, ó fi ọwọ́ kan di iwájú orí mú, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ bí ẹni tí oòrùn mú lójú. Apá ẹ̀wù tó ń rán lọ́wọ́ ti wọ́, ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ yà bàrá bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Ọkùnrin yìí kì í rán aṣọ kó wọ́.

Ìyá Bọ́tìnnì dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó wá fi àga tirẹ̀ sí iwájú àga ọkọ.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ yọ píìnì lẹ́nu."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo agolo tó ṣí sílẹ̀. Ó yọ píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n gún tìmùtìmù abẹ́rẹ́. Kò kánjú rárá; ó dà bíi pé kó má tán.

"Ẹ ya ẹnu."

"Kí ni mo ní lẹ́nu tí o fẹ́ wò?"

"Ẹ yà á ná."

"Ìyá Bọ́tìnnì, kò dára ní wíwò."

"Èmi ni mo bá yín ṣọ́ ibà lọ́jọ́ tí ẹ ń di maṣíìnì mọ́ra tí ẹ ń pè é ní ìyá yín. Kí ló tún kù lára yín tí kò dára ní wíwò?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ bò ó. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ya ẹnu.

Erìgì rẹ̀ ti hù. Kì í ṣe pé ó wú lásán. Ó hù láàárín eyín sí eyín, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lé wọn lórí, bí apá ẹ̀wù tó gùn jù tó bo ìka ọmọdé. Funfun niyì eyín, ṣùgbọ́n ṣóńṣó eyín ọkùnrin yìí nìkan ló kù tó ń yọjú. Ara erìgì náà pọ́n, ó ń dán, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun létí rẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì di àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ mú, ó wo ti òkè, ó wo ti ìsàlẹ̀, ó rọra pa ẹnu náà dé fún un.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun gbígbóná ló jó mi. Ó ń hù, ó ń hù. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé oògùn ló ń bọ́ ọ, bí mo bá dín oúnjẹ rẹ̀ kù, á rù. Mo gé e sí méjì. Nígbà tí kò rù, mo gé e sí mẹ́rin."

"Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Bí mo bá fi kàn án, ẹ̀jẹ̀ ni. Ta ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ojú egbò? Mo fi í sílẹ̀ kó sinmi."

"Òwú ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ kán láti ẹnu mi sí kọ́là oníbúrẹ́dì. Mo rí ọ tí ò ń wo ìka rẹ. Ojú tì mí. Ẹnu mi ń rùn pẹ̀lú, mi ò fẹ́ gbé òórùn rẹ̀ sún mọ́ ọ."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. Gbogbo ilẹ̀ tó ti fi àtẹ́lẹwọ́ pa, abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá.

"Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò wù yín mọ́," ó wí.

"Ọwọ́ rẹ kẹ̀?" Ó dà bíi pé ẹnìkan bá a sọ èdè tí kò gbọ́.

"Bí ojú bá ń sepin, ojú là á fi hàn. Ta ni ojú yín bí kì í bá ṣe èmi? Ẹ wá jókòó síbí, ẹ ń fi sísọ́ọ̀sì mi gé ẹ̀mí yín sí mẹ́rin."

Ẹlẹ́rìn-ín sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ tó ti ń hunjọ náà mú. Wọn ò tún ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ.

Dókítà tó fún un lóògùn fi okùn ẹ̀rọ di apá rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wò ó, ó tún un wò. Kò bú u.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ti gun òkè gan-an. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀ láìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fura sí kì í ṣe irọ́. Irú oògùn tí mo fún yín yìí a máa mú erìgì àwọn kan hù. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, òmíràn wà tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀."

"Mo rò pé mo lè dá a gé," ni aránṣọ wí.

"Ẹ máa gé aṣọ, ẹ jẹ́ kí èmi máa gé oògùn," ni dókítà dá a lóhùn. Ó fún un ní oògùn mìíràn, ó ní kó máa lò ó lódindi, kó sì máa padà wá kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n lọ rí dókítà eyín.

Dókítà eyín náà kéré, kò ju àbíkẹ́yìn wọn lọ. Ó dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ lórí àga tó ń sùn fúnra rẹ̀, ó tan iná sí i lẹ́nu, ó sì pe Ìyá Bọ́tìnnì kó wá wò ó pẹ̀lú òun.

"Mà, oògùn ló ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ló gbé àga wọlé tó jókòó. Ẹ wo èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín yìí. Òun ló ń bí erìgì nínú tó fi ń hù sí i. Nígbà tí Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n ń gbé fún un."

"Ṣé ẹ ò ní kúkú gé e báyìí?" ni Ẹlẹ́rìn-ín bi í. "Bí aṣọ bá gùn jù lọ́dọ̀ wa, gígé là ń gé e."

"Bí oníbàárà yín bá ṣì ń sanra lọ́wọ́, Bàbá, ṣé ẹ máa ń gé aṣọ rẹ̀?"

Aránṣọ rò ó. "Rárá o. A máa ń dúró kó sanra dé ibi tó máa sanra dé."

"Èmi náà á dúró nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí oògùn tuntun ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fọ ẹnu yìí mọ́. Èyí tó bá fẹ́ súnkì fúnra rẹ̀, kó súnkì. Èyí tó bá ṣorí kunkun, a ó gé e." Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdọ̀tí ìdí eyín kúrò. "Kí lẹ tún ń fi eyín ṣe lẹ́yìn oúnjẹ?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn.

"Òwú," ni ìyàwó wí jẹ́jẹ́.

"Òwú kẹ̀? Ẹ fi òwú sílẹ̀ fún sísọ́ọ̀sì o, Mà. Eyín kì í ṣe irinṣẹ́."

Ìyá Bọ́tìnnì ní àwọn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohun kan tó ti ń gbérí padà wó lulẹ̀. Ó gbé e mì. Ẹ̀mí ló ṣáájú òwú.

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bí irun orí ọmọ tuntun ni wọ́n gbé wálé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kí wọ́n tó sùn, Ìyá Bọ́tìnnì á mú ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí fèrèsé, á gbé bàsíà sí itan rẹ̀, á di àgbọ̀n rẹ̀ mú bí ẹni di kọ́là mú, á máa rọra yí búrọ́ọ̀ṣì níbi tí erìgì ti pàdé eyín, bí dókítà ṣe fi hàn án. Ní àkọ́kọ́, ìtọ́ tí ọkùnrin náà ń tu pupa. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń di etí àga mú. Ni ìyàwó bá rántí orin tó ń kọ fún àwọn ọmọ wọn nígbà tí wọ́n kéré, tí wọn ò bá fẹ́ ya ẹnu:

"Ta ló wà nílé eyín?"

Ó tọ́ kí ọmọ dáhùn pé, "Èmi ni, èmi ni." Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti yí. Obìnrin náà dúró, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì dání, ó ń retí.

"Èhì hì, èhì hì," ni bàbá olórí funfun náà wí, fọ́ọ̀mù ń yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o."

"Hò ń bọ̀, hò ń bọ̀."

Láti ìgbà náà, kò tún fà sẹ́yìn mọ́. Bí orin náà kò bá bẹ̀rẹ̀, kì í ya ẹnu.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìtọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Orí tó ń fọ́ ọ fi í sílẹ̀. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn bó ti yẹ. Oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde, eyín ẹ̀yìn ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín tó gbọ́ pé ọ̀tá ti lọ. Ti iwájú ló ṣorí kunkun. Dókítà eyín gún erìgì náà lábẹ́rẹ́ bí ẹni kùn ún lóorun kó má bàa mọ ìrora, ó gé èyí tó ṣẹ́ kù, ó tún etí rẹ̀ ṣe yípo eyín kọ̀ọ̀kan. Ohun rírọ̀ tó ti tutù ni Ẹlẹ́rìn-ín jẹ títí ojú ibẹ̀ fi san. Dókítà kìlọ̀ fún wọn: bí wọ́n bá tún fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó lè padà wá. Ìyá Bọ́tìnnì ní bí ó bá padà wá, á bá òun lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rín ò kọ́kọ́ padà. Ara tó ti mọ́ ìfarapamọ́ kì í tètè gbàgbé. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, ó ń dá oníbàárà lóhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá ti fẹ́ dé, ọwọ́ rẹ̀ á sáré lọ bo ẹnu.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, onígbàjámọ̀ wá fara ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tó ní kí n fi irun sílẹ̀ níwájú yẹn tún padà wá o. Ó ní èyí tí mo bá òun fi sílẹ̀ níjọ́sí, òun ò rí i mọ́, bóyá ọ̀dọ̀ mi lòun gbàgbé ẹ̀ sí."

Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín gbéra lọ sẹ́nu. Ó dé agbede méjì, ó dúró, ó sì padà sórí tábìlì. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, ó gun àyà, ó tú jáde. Obìnrin kan tó ń kọjá lójú títì dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ìdí. Onígbàjámọ̀ náà ò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín; ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, eyín tó tò lọ rẹrẹ. "Ẹ̀fẹ̀ mi ti hu irun padà," ó wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ wéréwéré kí ojú rẹ̀ má bàa tú u fó.

Ìyá Bọ́tìnnì tẹrí mọ́ aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀wù ọmọ kékeré kan. Ó rán bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ó ta kókó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ibi tí sísọ́ọ̀sì máa ń wà. Kò bá a níbẹ̀.

"Mú un wá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀—"

"Mo ní mú un wá."

Ó na aṣọ náà sí i. Ọkùnrin náà tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi sún mọ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, òórùn ọṣẹ ìwẹ̀ rẹ̀ dé imú obìnrin náà, irun rẹ̀ sì ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ya ẹnu gbàgà, ó fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn án, bí ẹni tó fẹ́ já òwú náà pẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé sísọ́ọ̀sì kékeré náà jáde lábẹ́ tábìlì, ẹnu rẹ̀ mọ́, kò sí ìyẹ̀fun kankan níbẹ̀, ó sì fi gé òwú náà fún un.

Kò tètè gbé orí kúrò.